Ọjà Ẹ̀sìẹ́ àti Ọdún Tí Bàbá Mi Kú

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí àbúrò bàbá mi bá mi sọ lẹ́yìn tí mo kúnlẹ̀ kí i, tí mo sì sọ fún un pé bàbá mi ti kú, kì í ṣe káàbọ̀. Ó wo ojú ọ̀nà, ó wo ẹnu ọ̀nà yàrá, ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú mi bí ẹni tó fẹ́ bá mi sọ ẹrù.

"Ta lo ti sọ fún pé bàbá rẹ kú?"

"Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, Bàbá. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ bá."

"Ó dáa. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́, sọ pé ọmọ ọwọ́ ni ọ́ nígbà tó kú. Sọ pé o ò mọ̀ ọ́n. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́, àmọ́ ara mi ò gbà á. Ọdún méjì péré ni bàbá mi ti kú. Èmi ni mo gbé orí rẹ̀ lé itan nígbà tí ẹ̀mí bọ́. Ọmọ ogún ọdún ni mí lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, Yorùbá tí mo sì fi ń dá àbúrò rẹ̀ lóhùn, ẹnu bàbá mi gan-an ni mo ti kọ́ ọ. Kí ló wá dé tí n ó fi sọ pé n kò mọ̀ ọ́n?

Ìlú kékeré kan lẹ́yìn Kùmásí, ní Gánà, ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ Àṣáńtì ni ìyá mi. Àwọn Yorùbá díẹ̀ tó wà níbẹ̀, ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n. Bàbá mi nìkan ni ará Ìgbómìnà láàárín wọn. Aláta ni wọ́n ń pe gbogbo wa, ìbáà jẹ́ ata lò ń tà, ìbáà jẹ́ aṣọ. Nígbà tí ìjọba wọn ní kí àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ sílé rẹ̀, kò sí ìwé lọ́wọ́ mi, orúkọ bàbá mi sì ni mò ń jẹ́. Ìyá mi sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Bàbá mi ti sọ fún mi kó tó kú pé bí ilẹ̀ bá le, kí n lọ sí Òmù-Àrán, kí n béèrè Akọ̀wé, àbúrò òun. Bí mo ṣe kúrò nílé nìyẹn, tí gbogbo ènìyàn sì ń sọ fún mi pé ilé ni mò ń lọ.

Akọ̀wé ni gbogbo Òmù-Àrán ń pè é, nítorí òun ló ń bá ẹni tí kò mọ̀wé kọ lẹ́tà, òun náà ló ń ka èyí tó bá dé fún wọn. Ó ní tábìlì kan ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń rí àwọn ènìyàn tó jókòó síwájú tábìlì náà, tí wọ́n la ẹnu sílẹ̀, tí wọ́n ń gba ohun tó bá kà sí wọn létí gbọ́.

Ọyẹ́ ni mo kọ́kọ́ bá jà. Ètè mi bẹ́, gìgísẹ̀ mi là. Lẹ́yìn náà ni èdè. Yorùbá tí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ń sọ nílùú wa, tí bàbá mi náà fi ń bá mi sọ̀rọ̀, kọ́ ni àwọn ará ibí ń sọ láàárín ara wọn. Ìgbómìnà ni wọ́n ń sọ, bí mo bá sì ti yọ, wọ́n á yí i padà sí èyí tí mo gbọ́. Mo mọ̀ lónìí pé ìwà ọmọlúàbí ló mú wọn ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà náà, ohun tó máa ń wá sí mi lọ́kàn ni pé, kí ni wọ́n ń sọ kí n tó dé?

Ìyàwó Akọ̀wé, Ìyá Dúpẹ́, ń ta ata àti ẹ̀fọ́ lẹ́bàá ọ̀nà. Orúnkún ń dà á láàmú, kò lè rìn lọ sí àwọn ọjà káàkiri mọ́. Kò tíì tó ọ̀sẹ̀ kan tí mo dé tó gbé apẹ̀rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Láti ìgbà náà, ọjà ni iṣẹ́ mi: Agbamu fún ata rodo, Àrán-Ọ̀rin fún ilá, Omupo fún tìmátì, Ẹ̀sìẹ́ fún ọsàn àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Mo mọ àwọn ọjà wọ̀nyẹn kí n tó mọ ojú àwọn ẹbí mi.

Agbamu ni wọ́n ti kọ́kọ́ dójú tì mí. Nílùú wa, bí o bá fẹ́ ra ata, wàá da apẹ̀rẹ̀ náà sílẹ̀ kí o lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, nítorí ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń kó èyí tó ti rà sí. Mo wọ inú ọjà, n kò kí ẹnikẹ́ni, mo tẹ́ àpò, mo sì da ata ìyá kan sílẹ̀. Gbogbo ìlà náà yí ojú sí mi.

"Ṣé olè la jẹ́ ni?" ni obìnrin náà wí.

Mo nawọ́ owó sí i. Ọwọ́ òsì ni mo fi nà án, nítorí ọlọ́wọ́ òsì ni mí láti inú ìyá mi wá. Ó wo ọwọ́ náà, ó wo ojú mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ata rẹ̀ padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "N kò tà," ló wí. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà fa apẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ sẹ́yìn. Lọ́jọ́ náà, apẹ̀rẹ̀ òfìfo ni mo rù dé ilé.

Ìyá Dúpẹ́ ò bínú. Ó ní, "Ajé á wọ igbá o, ni kí o kọ́kọ́ wí. Kí o bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí o béèrè ọjà. Ọwọ́ òsì rẹ yẹn, fi í sẹ́yìn." Mo ṣe bó ti wí. Ó tó oṣù kan kí obìnrin aláta Agbamu tó fi ata díẹ̀ ṣe èènì fún mi láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. Mo yọ̀ lọ́nà bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Nígbà tí mo délé, mo da ata èènì náà sílẹ̀, mo yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ní ohun tó fi sí i.

Irú ọkàn tí mo ní nígbà náà nìyẹn. Àkókò náà sì dá kún un. Ìpínlẹ̀ Kwara ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró ni, àwọn àgbà kan ṣì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé Kàdúná ló ń pàṣẹ fún wọn. Ogun ò sì tíì tán lápá ìlà-oòrùn, ṣójà wà lójú ọ̀nà, gbogbo ẹni tí ohùn rẹ̀ bá ṣàjèjì ni wọ́n ń wò lẹ́ẹ̀mejì. Ní Gánà mo jẹ́ Aláta. Ní Òmù-Àrán mo di ọmọ Gánà. Mo máa ń bi ara mi pé ibo gan-an ni wọ́n ti máa pe mí ní orúkọ mi.

Lọ́jọ́ ọjà Omupo kan, ṣójà dá ọkọ̀ wa dúró. Ó ní kí n sọ̀rọ̀. Mo sọ̀rọ̀. Ó ní kí n sọ̀kalẹ̀.

"Ta ló mọ ọmọbìnrin yìí?"

Àwọn obìnrin tí mò ń bá ra ọjà wà nínú ọkọ̀ náà, wọ́n ń wo ilẹ̀. Àfi bí ohùn kan ṣe jáde láti ẹ̀yìn.

"Ọmọ mi ni."

Mo bojú wẹ̀yìn. Ìyá Ọlọ́sàn ni, obìnrin tó ń ta ọsàn lábẹ́ igi ní ọjà Ẹ̀sìẹ́. N kò rà ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ṣójà náà ní kí n gòkè. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá náà, ó kàn mi orí, ó sì tẹjú mọ́ ọwọ́ òsì mi tí mo fi di igi ọkọ̀ mú.

Ẹlòmíràn ì bá fẹ́ràn rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Èmi, ẹ̀rù rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Ta ní í ṣàdédé pe ọmọ ọlọ́mọ ní ọmọ rẹ̀ lójú ìbọn? Mo ti gbọ́ ìtàn àwọn gbọ́mọgbọ́mọ. Mo tún rò ó pé bóyá Akọ̀wé ló ní kó máa ṣọ́ mi.

Bí mo bá dé Ẹ̀sìẹ́, á ti bó ọsàn kan sílẹ̀ dè mí. Èèpo rẹ̀ kì í já, á gùn bí okùn. Mo máa ń gbà á, mo máa ń dúpẹ́, bí mo bá sì ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, mo máa ń sọ ọ́ sínú igbó. Ìbéèrè rẹ̀ ò sì tán. Ta ni ìyá mi? Irú oúnjẹ wo là ń jẹ lọ́hùn-ún?

"Ta ló ń lo ọwọ́ òsì nílé yín?" ló bi mí lọ́jọ́ kan.

"Mi ò mọ̀, mà."

"Bàbá rẹ ńkọ́?"

"Mi ò mọ bàbá mi. Ọmọ ọwọ́ ni mí nígbà tó kú."

Mo wí i bí Akọ̀wé ṣe kọ́ mi. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń bọ́ lẹ́nu mi, ó ń korò. Bàbá mi tó máa ń gbé mi kọ́ ọrùn lọ sí ọjà, tó máa ń fi ọwọ́ òsì bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí mi lẹ́nu.

Ìyá Ọlọ́sàn fi ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ọdún wo ló kú?" ló wí, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.

Ikú bàbá mi náà ni Akọ̀wé kọ́kọ́ bi mí. Mo gbé apẹ̀rẹ̀ mi, díẹ̀ ló kù kí n sáré. N kò ra ẹ̀fọ́ lọ́jọ́ náà.

Mo ti kọ lẹ́tà mẹ́ta sí ìyá mi. Akọ̀wé ló gbà wọ́n, ó ní òun á fi wọ́n ránṣẹ́ ní pósọ́fíìsì. Èsì kankan ò dé. Ẹ̀kẹrin, n kò fún un. Awakọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń gbé àlùbọ́sà lọ sí Kùmásí ni mo fún un ní ọjà Omupo. Nígbà tó padà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ní ìyá mi ò rí lẹ́tà kankan gbà rí láti ọjọ́ tí mo ti lọ. Ó ní àbúrò ìyá mi ń ṣọ́ ọ́fíìsì àwọn onígẹdú, tẹlifóònù sì wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀, láàárọ̀, ìyá mi máa jókòó tì í.

Mo purọ́ fún Ìyá Dúpẹ́ pé tàtàṣé pọ̀ ní Ìlọrin. Láti àárọ̀ ni mo ti jókòó ní pósọ́fíìsì, apẹ̀rẹ̀ òfìfo lẹ́sẹ̀ mi, títí wọ́n fi pè mí sídìí tẹlifóònù. Ohùn ìyá mi dà bíi ti ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga.

"Ṣé o ń jẹun?" ló kọ́kọ́ wí.

Mo sáré béèrè tèmi, nítorí àkókò ò sí. "Ìyá, ìyàwó tí bàbá mi ní kó tó fẹ́ yín, èyí tó kú, kí ni orúkọ rẹ̀?"

Mo mọ̀ pé ìyàwó kan ti wà. Bàbá mi kì í dárúkọ rẹ̀. Ìyá mi nìkan ló sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan pé obìnrin náà kú lórí ìkúnlẹ̀, pé nítorí rẹ̀ ni bàbá mi kò fi fẹ́ fojú kan ilé mọ́.

"Àjọkẹ́," ni ìyá mi ń pariwo. "Ará Ẹ̀sìẹ́. Akọ̀wé, àbúrò bàbá rẹ, ló kọ̀wé sí i pé ó kú. Kí ló dé? Kí ni wọ́n ṣe fún ọ?"

Kí n tó dáhùn, ẹ̀rọ náà dákẹ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ni n kò fi sùn dáadáa. Bí ó bá jẹ́ ohun tí mò ń rò ni, tí mo bá sì sọ ọ́, n kò ní ibi tí n ó gbé orí lé ní gbogbo ilẹ̀ náà. Abẹ́ òrùlé Akọ̀wé ni mò ń gbé, oúnjẹ rẹ̀ ni mò ń jẹ. Mo sì tún ń fura sí ara mi pé bóyá ìfura ló ti yí mi lórí. Ọjọ́ ọjà Ẹ̀sìẹ́ pé. Mo lọ tààrà sábẹ́ igi náà, mo kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ní ń jẹ́ Àjọkẹ́?"

Ọ̀bẹ dúró lára ọsàn. "Ta ló sọ orúkọ yẹn fún ọ? Àwọn tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán."

"Bàbá mi ni ọlọ́wọ́ òsì, mà. Mo mọ̀ ọ́n. Irọ́ ni mo pa fún yín. Ọdún méjì sẹ́yìn ló kú."

Obìnrin kan dé, ó ní òun fẹ́ ọsàn. Ìyá Ọlọ́sàn ń kó ọsàn sí igbá obìnrin náà, ó ń kó o, ó ń kó o, títí obìnrin náà fi ní, "Ìyá, ó ti pọ̀ jù." Nígbà náà ni ọwọ́ rẹ̀ tó dúró.

"Ogún ọdún rèé tí mo ti ṣọ̀fọ̀ rẹ̀," ló wí fún mi. "Akọ̀wé ka ìwé sí mi létí pé ó kú. Mo fá orí. Mo jókòó ti òkú tí kò sí níbẹ̀."

"Wọ́n sọ fún òun náà pé ẹ kú, mà. Lórí ìkúnlẹ̀."

"Èmi? Èmi tí n kò lóyún fún un rí?" Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì já sí nǹkan mìíràn. Ó da aṣọ bo orí ọsàn rẹ̀. Àwọn obìnrin tó wà nítòsí ń wò wá.

Kò wá sí ọjà tó tẹ̀lé e. Mo rò pé mo ti pa ènìyàn. Ní ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn ọjà náà, láàárọ̀, mo ń ṣa ẹ̀fọ́ pẹ̀lú Ìyá Dúpẹ́ nígbà tí mo rí Ìyá Ọlọ́sàn tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà pẹ̀lú Baálé, olórí agbo ilé wa. Akọ̀wé wà nídìí tábìlì rẹ̀. Nígbà tó rí i, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

Baálé ní òun ti gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, òun fẹ́ kí Akọ̀wé sọ bó ṣe rí.

"Ọmọdé ni ọmọ yìí," ni Akọ̀wé wí. "Kò mọ ohun tó ń sọ."

Ìyá Ọlọ́sàn kò wo ojú Baálé. Ó fa àga tí àwọn tó ń wá gbọ́ lẹ́tà máa ń jókòó sí, ó jókòó síwájú tábìlì. "Ìwọ lo ka ìwé náà sí mi létí. Tún un kà fún mi."

Akọ̀wé ń fi aṣọ nu awò ojú rẹ̀.

"Mo ní kí o tún un kà. N kò mọ̀wé. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ọkọ mi, ẹnu rẹ ni mo ti gbọ́ ọ."

"Akọ̀wé," ni Baálé wí, "ìwé dà?"

Akọ̀wé dìde. Ó wọ yàrá, a gbọ́ bó ṣe ń wọ́ àpótí. Ó jáde pẹ̀lú agolo bísíkíìtì kan tó ti dípẹtà, ó gbé e ka orí tábìlì. Lẹ́tà mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Ọwọ́ ìkọ̀wé bàbá mi ni, gbogbo rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn bí ìkọ̀wé ọlọ́wọ́ òsì. Orúkọ Àjọkẹ́ ló wà lórí wọn, kò sì sí ìwé ikú kankan láàárín wọn. Bàbá mi ti kọ wọ́n kí wọ́n tó sọ fún un pé Àjọkẹ́ kú.

"N kò lè sun wọ́n," ni Akọ̀wé wí. "Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ni."

"Kí ló dé tí o ṣe é?" ni Baálé bi í.

Ilẹ̀ ni ó ń wò. "Ọkàn mi fà sí i. Mo rò pé bó bá ṣọ̀fọ̀ tán, n ó ṣú u lópó gẹ́gẹ́ bí àṣà. N kò mọ̀ pé á kọ̀ mí."

"Mo kọ̀ ọ́," ni Ìyá Ọlọ́sàn wí. "N kò tilẹ̀ mọ ohun tí o ṣe, mo kọ̀ ọ́."

Mo bojú wẹ̀yìn. Ìyá Dúpẹ́ ti dìde lórí orúnkún tó ń dùn ún, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti bí ọmọ mẹ́rin fún ọkùnrin náà. Ó padà wọlé, a sì gbọ́ tó ń fọ àwo tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Àwọn àgbà ilé bá Akọ̀wé wí, ó dọ̀bálẹ̀, ó tọrọ àforíjì. Mo ti rò ó pé nǹkan mìíràn á ṣẹlẹ̀, pé ilẹ̀ á là. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju pé àwọn ènìyàn ò gbé lẹ́tà wá mọ́. Wọ́n ń gbé e lọ bá tíṣà kan ládùúgbò kejì. Láàárọ̀, Akọ̀wé á nu tábìlì rẹ̀, á jókòó tì í títí oòrùn á fi kan orí.

Èmi kó lọ sí Ẹ̀sìẹ́. Ìyá Dúpẹ́ ló bá mi di ẹrù, ó sì ní kí n máa wá ra ata lọ́wọ́ òun. Ìyá Ọlọ́sàn ti fẹ́ ọkùnrin mìíràn lẹ́yìn ọ̀fọ̀ rẹ̀, ẹni tó ní ó dára sí òun. Ó ti kú, àwọn ọmọ wọn méjì sì wà ní Jọ́ọ̀sì. Yàrá wà nílé. A jọ ń lọ sí ọjà. N kò sọ ọsàn rẹ̀ nù mọ́, àmọ́ n ó parọ́ bí mo bá ní ìfura tán lára mi lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó tó ọdún kan kí n tó lè gba nǹkan lọ́wọ́ ènìyàn láìbi ara mi pé kí ló fẹ́.

Lẹ́tà kan nínú mẹ́fà náà la máa ń kà lọ́jọ́ tí a bá ti ọjà Ẹ̀sìẹ́ dé, Ìyá Ọlọ́sàn kò gbà kí n ka méjì. Nínú ọ̀kan, bàbá mi ní kó má jẹ́ kí ewúrẹ́ jẹ ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Kó tó dé Gánà ni ewúrẹ́ ti jẹ ẹ́ tán," ló wí. Nínú òmíràn, bàbá mi béèrè pé kí ló dé tí kò dá òun lóhùn, ṣé òun ṣẹ̀ ẹ́ ni. Lọ́jọ́ náà, ó jáde, ó lọ dúró lẹ́yìn ilé, n kò tẹ̀lé e.

Nígbà tó ku ẹyọ kan, mo mú un jáde gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Ó na ọwọ́, ó bò ó mọ́lẹ̀.

"Má ka ìyẹn."

"Kí ló dé, mà?"

"Jẹ́ kó ku ọ̀rọ̀ kan tó ṣì fẹ́ bá mi sọ."

Mo ká lẹ́tà náà bó ṣe wà, mo dá a padà. Lẹ́yìn náà ó fa apẹ̀rẹ̀ súnmọ́ wa, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ọsàn tí a máa gbé lọ sí Agbamu lọ́la, èyí tó le sísàlẹ̀, èyí tó pọ́n sókè.